Bílíìṣì, pàúdà ọ́síjìn, ọṣẹ abọ́ tàbí ẹlẹ́rọ: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni kí n máa yá èèyàn ní aṣọ tábìlì àti aṣọ àga fún ináwó. Bí ẹ bá ti jókòó níbi òkú àgbà kan ní Mọ̀pà, tàbí níbi ìgbéyàwó kan ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, tí ẹ rí aṣọ funfun tó na ara mọ́ àga ike, tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù sí i lẹ́yìn, ó lè jẹ́ tèmi. Funfun ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá jáde nílé mi. Bí wọ́n ṣe ń padà dé, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọbẹ̀ wà níbẹ̀, sobo wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, ìda àbẹ́là wà níbẹ̀, àtẹ̀lẹsẹ̀ ọmọ tó gun àga láti wo onílù wà níbẹ̀, ilẹ̀ pupa ilé wa sì wà lára gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun wá pè mí pé, "Mọ́mì, àga mi ti dọ̀tí kọjá sísọ, kí ni kí n rà?", mo sọ̀rọ̀ títí owó fi tán lórí fóònù rẹ̀. Ohun tí mo bá a sọ ni mo kọ síbí, pẹ̀lú èyí tí mi ò ráyè sọ tán.

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé síra wọn. Àkọ́kọ́ ni bílíìṣì olómi, èyí tó ń wà nínú ike àti nínú ọ̀rá. Orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sí i lára, kẹ́míkà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, sodium hypochlorite, nítorí náà mi ò bá ilé-iṣẹ́ kankan jà. Èkejì ni pàúdà ìyọ-àbàwọ́n, irú Vanish. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ń jẹ́ sodium percarbonate. Bí ó bá ti kan omi, ó ń tú hydrogen peroxide jáde, ìyẹn náà yóò wá di omi àti ọ́síjìn nígbẹ̀yìn, ni mo ṣe ń pè é ní pàúdà ọ́síjìn. Ẹ̀kẹta ni ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá sílé láti fọ àga àti rọ́ọ̀gì.

Pé bílíìṣì ń sọ aṣọ di funfun, pé ó ń rùn, pé ó pọ́kú ju ìyókù lọ, ẹ ti mọ̀. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Mo ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì nínú wọn ti mú kí n pàdánù owó.

Ṣé yóò jáde?

Ohun tí gbogbo wa máa ń bi oníṣọ́ọ̀bù ni pé, "Ṣé ó ń yọ ọ́?" Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ohun tó lè yọ. Ìbéèrè tó yẹ kí n máa béèrè ni pé, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti wọnú aṣọ, ta ni yóò yọ òun náà? Ojú aṣọ ni àbàwọ́n ń jókòó sí, ẹ ń rí i. Inú òwú ni kẹ́míkà ń wọ̀, ẹ kò ní rí i mọ́, ẹ ó rò pé ó ti lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ẹni tó bá ń gbé Kàbà mọ bí oṣù December ṣe máa ń rí. Àwọn ará ilé ti dé láti Èkó àti Àbújá, òkú tó ti wà ní mọ́ṣúárì láti ìgbà òjò ń bọ̀ wálé: Ọjọ́bọ̀ ìṣọ́ òru, Ẹtì ìsìnkú, Àìkú ìdúpẹ́. Kànga ilé mi ti gbẹ débi pé ẹrẹ̀ ni bàkẹ́tì ń gbé bọ̀. Ọwọ́ ọmọ tó ń ti ọmọlanke ni mo ti ń ra omi, ní kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ọjọ́ tó bá sì wù ú ló ń yà.

Ọgọ́ta aṣọ àga padà dé lálẹ́ Ẹtì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà ní Mọ̀pà láàárọ̀ Àìkú. Mo kó gbogbo wọn sínú báàfù ńlá méjì, mo da bílíìṣì sí i, mo rẹ wọ́n mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n funfun báláú. Inú mi dùn débi pé mo pe aládùúgbò mi kó wá wò ó. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ló kù nílé, a kò sì tíì dáná. Mo fi méjì ṣan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fún wọn, mo sá wọn, wọ́n lọ sí Mọ̀pà.

Kò sí wàhálà ní Mọ̀pà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n wọ àpótí. Ìparí oṣù kìíní la tún kó wọn jáde. Ọmọkùnrin tó ń bá mi fi aṣọ wọ àga mú ọ̀kan, ó fà á, a gbọ́ fàà. Ó mú òmíràn, fàà. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Aṣọ tó máa ń nà bíi rọ́bà kò nà mọ́, ńṣe ló ń ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí a kà á tán, mọ́kànlélógún ló ti ya, ìyókù sì ti pọ́n bí eyín àgbà tó ń jẹ obì. Àga ike lásán ni àwọn àlejò oníbàárà mi jókòó lé lọ́jọ́ náà, mo sì dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé aṣọ tó ń nà bẹ́ẹ̀ ní òwú kan nínú tí wọ́n ń pè ní spandex, àti pé bílíìṣì ń jẹ òwú yẹn, ó sì ń sọ ọ́ di yẹ́lò. Kì bá ti yẹ kí n fi kàn án rárá. Àìṣan rẹ̀ dáadáa ló wá bu epo sí iná, tó fi ń jẹ ẹ́ nìṣó nínú àpótí nígbà tí mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Òwú gidi, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́dìṣíìtì, máa ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bí ẹ bá ń rẹ ẹ́ pẹ́ jù tí ẹ kì í ṣan án tán, òwú náà yóò máa rọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó ṣàdédé rí ihò kéékèèké tí eku kò jẹ. Síìlíkì àti wúùlù, ẹ má gbé e sún mọ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka omi. Fún aṣọ tábìlì mẹ́wàá, bílíìṣì gba omi mẹ́rin, ìyẹn ni pé mo ń ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú omi tuntun, kí òórùn rẹ̀ tó kúrò lára aṣọ àti lọ́wọ́ mi. Pàúdà ọ́síjìn gba méjì. Ti ọṣẹ abọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó dà á: bí ó bá kán an sójú àbàwọ́n nìkan, omi kan tó, bó pọ̀ jù méjì, bí ó bá tú u bí ẹni ń ta epo sọ́bẹ̀, yóò ṣan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rá bílíìṣì kan kò tó nǹkan lọ́jà lóòótọ́. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi tó ń tẹ̀lé e kún un ní oṣù kejì ọdún, kí ẹ wá sọ fún mi pé ó pọ́kú.

Aṣọ tilẹ̀ sàn, ó ṣeé kó sínú báàfù. Àga tìmùtìmù ńkọ́? Ta ni yóò gbé e dé odò?

Káfíńtà ló kan tèmi fún mi níbí, aláwọ̀ mílíìkì. Mo mọ̀, ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tán. Ní oṣù keje, nínú òjò, wọ́n júwe ẹnì kan fún mi tó ń fi ẹ̀rọ fọ àga. Ó dé, ẹ̀rọ rẹ̀ pariwo, ó pọn ọṣẹ sí i, ọṣẹ náà hó títí àga mi fi dà bí àgùntàn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ẹ̀rọ náà ló yẹ kó tún fa omi náà padà, ẹnu ìfami rẹ̀ sì ti là, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Ó ní kò burú, pé kí n tan fáànù sí i. Fáànù wo? Iná ọjọ́ wo?

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni tìmùtìmù náà fi tutù. Òórùn aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú bàkẹ́tì gba gbogbo pálọ̀. Kí oṣù tó parí, ibi tí a ń gbé apá lé ti dú ju bó ṣe wà kí n tó pè é. Mo kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Lọ́jọ́ kan mo mú tówẹ́lì funfun tó ní omi díẹ̀ lára, mo tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ṣí i, abẹ́ rẹ̀ ń yọ̀, ó ń hó. Ọṣẹ ọkùnrin náà ni, oṣù kan lẹ́yìn tó ti gba owó rẹ̀ lọ. Ọṣẹ tó bá kù nínú aṣọ máa ń lẹ̀, eruku tó bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ni yóò dá dúró, ẹ sì mọ irú eruku tiwa.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi yọ ọṣẹ náà: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán, tówẹ́lì, tẹ̀, gbé e, fún un, tún tẹ̀. Mo tú ṣíìpù ìdí tìmùtìmù, mo yọ fóòmù, mo fi í ti ògiri nínú oòrùn. Kò sí ohun tí mo rà fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ni mo ṣì ń fi san án.

Mi ò sọ pé ẹlẹ́rọ kò dára o. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń fa omi dáadáa, kò sí ohun tí a ń ṣe nílé tó lè bá a dọ́gba lórí rọ́ọ̀gì ńlá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún un láyè, ẹ da kọ́ọ̀bù omi kan sórí rọ́ọ̀gì àtijọ́ lójú rẹ̀, kí ó fà á, kí ẹ wá fi tíṣù gbígbẹ tẹ ibẹ̀. Bí tíṣù bá rin gbingbin, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kí ó máa lọ. Ẹ sì sọ fún un pé lẹ́yìn ọṣẹ, kí ó tún fi omi lásán kọjá lẹ́ẹ̀kan. Oṣù kìíní sí ìkẹta ni kí ẹ pè é, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ẹ jẹ́ kí àga dọ̀tí.

Ohun kan rèé tí ẹlẹ́rọ pàápàá kì í wò. Àga tó wá láti òkè òkun sábà máa ń ní lẹ́bẹ́ẹ̀lì lábẹ́ tìmùtìmù. W túmọ̀ sí pé ó gba omi. S, ohun ìfọ̀ tí kò ní omi ni kí wọ́n lò. WS, èyíkéyìí nínú méjèèjì. X, eruku nìkan ni kí ẹ gbọ̀n tàbí kí ẹ fà. Èyí tí àwọn káfíńtà wa kàn kò ní lẹ́bẹ́ẹ̀lì kankan. Ẹ wá ibi tí ojú kì í tó, kí ẹ dán ohun tí ẹ rà wò níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó sọ pé ó dára.

Ilẹ̀ pupa

Èyí ni ibi tí bílíìṣì ti máa ń dójú ti èèyàn ní agbègbè wa. Irin tó ti dípẹtà ló sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ẹ̀rí kò jìnnà: irin wà nínú ilẹ̀ ní Ìtakpé, òmíràn wà ní òkè Agbaja lẹ́bàá Lọ́kọ́jà. Àwọ̀ irin kì í ṣe àwọ̀ tí bílíìṣì lè pa. Bí ó bá tún jẹ́ pé omi bọ́họ̀ yín ń fi ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ nínú bàkẹ́tì, irin ló wà nínú òun náà, bílíìṣì yóò sì mú kó dípẹtà sára aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ funfun, ẹ bá aláwọ̀ tíì níbẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó ń fi bílíìṣì kún bílíìṣì bẹ́ẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀, tó ń sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Pàúdà ọ́síjìn náà kò lè pa ìpẹtà, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń yọ ọ́: ẹ fún omi ọsàn sí i, ẹ bu iyọ̀ lé e, ẹ sá a sóòrùn, ẹ ṣan án. Kìkì pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fún ọsàn sí aṣọ tí bílíìṣì ṣì wà lára rẹ̀, tàbí kí ẹ da bílíìṣì lé ọsàn. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè gba èémí lẹ́nu èèyàn.

Ilẹ̀ pupa lásán tí kò tíì wọra kò nílò ohun rírà rárá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá fi omi kàn án nígbà tó jẹ́ eruku, ẹrẹ̀ lẹ pò yẹn, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín fi í kun àga. Kó gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán ọṣẹ abọ́ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi nù ún. Títì oníkọnkéré kìlómítà 43 láti Ọbájáná dé Kàbà ti gba àwọn ará etí rẹ̀ lọ́wọ́ eruku mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń wọ pálọ̀ mi kì í gba títì wá.

Àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó mọ̀ ọ́n

Epo pupa. Ọṣẹ abọ́ ni, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Orí gbígbẹ ni kí ẹ ti kán an, kí omi tó débẹ̀, nítorí omi ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ rí epo mú. Ẹ fi ìka pa á, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án. Òróró yóò lọ, àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lè kù. Ẹ má bá a jà. Ẹ sá aṣọ náà pẹ̀lú omi lára rẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ kọjú ibẹ̀ sí òkè. Oòrùn ń pa àwọ̀ epo pupa, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi kọ́rì sí náà gba oòrùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ọṣẹ kan kọ́rì tó sì pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, bí àtalẹ̀ pupa inú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe sí ọṣẹ nìyẹn. Ẹ máa ṣan án lọ.

Omi kajú. Láti oṣù kejì títí dé ìkarùn-ún, kò sí ilé kan lágbègbè wa tí ọmọ kò ní gbé e wọlé. Kò ní àwọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí aṣọ, ohun tó fi ń tan èèyàn nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni yóò di bọ́ráùn. Ọṣẹ gígún tí a fi ń gbo aṣọ máa ń mú kó dú sí i. Bí irin bá tún wà nínú omi yín, dúdú kirikiri ni yóò dà, nítorí ohun tó ń mú kajú gan ahọ́n àti irin ni wọ́n fi ń po yíǹkì láyé àtijọ́. Omi tútù lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ rẹ ẹ́ sínú pàúdà ọ́síjìn fún wákàtí mélòó kan. Pàúdà yìí ti bá mi gba aṣọ tábìlì mẹ́jọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó kan tí wọ́n ṣe lábẹ́ igi kajú. Ta ló ń ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ igi kajú lóṣù kẹta? Èyí tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan lára aṣọ, bílíìṣì lórí òwú funfun nìkan ló tún lè gbìyànjú rẹ̀, mo fún un ní ìyẹn. Òróró inú èèpo kóró rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbo ó, ó ń bó ara.

Sobo. Yóò di búlúù lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ̀rù yóò bà yín. Pàúdà ọ́síjìn, ó tán.

Ìtọ̀ ọmọ lórí fóòmù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da bílíìṣì sí i. Amóníà tó wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ àti bílíìṣì máa ń di gáàsì tó ń ta imú, tó sì lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára, pàápàá nínú iyàrá tí ọmọ náà yóò padà sùn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ fa ìtọ̀ náà mu tán, ẹ po pàúdà díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi nù ún, ẹ fi omi lásán nù ún, ẹ gbé e sóòrùn. Ẹ má da omi sínú fóòmù.

Ẹ̀jẹ̀: omi tútù, kì í ṣe gbígbóná, gbígbóná ń mú kó lẹ̀ mọ́ aṣọ títí láé. Ìda àbẹ́là: ẹ fi èékánná hó o, ẹ fi bébà sórí àti sábẹ́, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́.

Ìyókù, ní ṣókí

Àwọ̀. Bílíìṣì kò mọ aṣọ aláró yàtọ̀ sí funfun. Pàúdà ọ́síjìn mọ̀ ọ́n dé àyè kan, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹni tó bá ní aṣọ ipò àwọn ará Bùnú nínú àpótí bàbá rẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò nígbà òkú ìjòyè, kí ó pa àpótí dé, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kàn án.

Ọwọ́. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ sí i fún bílíìṣì àti pàúdà.

Níbi tí ẹ ti lè rí i. Bílíìṣì àti ọṣẹ abọ́ wà ní gbogbo kíósì. Ó lè gba pé kí ẹ dé ṣọ́ọ̀bù ńlá kí ẹ tó rí pàúdà, ike kékeré rẹ̀ sì wọ́n, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pa á mọ́.

Ìpamọ́. Oòrùn ń pa agbára bílíìṣì. Èyí tí wọ́n tò síta láti àárọ̀, owó omi lẹ san. Pàúdà ń fẹ́ ibi gbígbẹ. Ó ń fẹ́ omi tó gbóná díẹ̀ náà, bí ìwọ̀n 40 lórí ẹ̀rọ òṣùnwọ̀n ooru, kò fi bẹ́ẹ̀ jí nínú omi ọyẹ́, ìyẹn ni pé gáàsì ìdáná yín wà nínú ìnáwó rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì ti pò, ẹ lò ó lọ́jọ́ náà. Èmi da èyí tó kù sínú ike omi, mo dé e pa. Láàárín òru, ìdérí rẹ̀ fò lu páànù, ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n ní ta ló ń yìnbọn. Ọ́síjìn ni, kò ríbi jáde.

Èwo wá ni?

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní kànga tí kì í gbẹ, tí irin kò sí nínú omi rẹ̀, tí gbogbo aṣọ ilé yín jẹ́ òwú funfun, tí kò sí ọmọ tó ń tọ̀ sílé tàbí tó ń jẹ kajú, bílíìṣì ni kí ẹ rà, yóò ṣe yín lóore. Bí ẹ bá ní rọ́ọ̀gì tó kún pálọ̀ àti owó lọ́wọ́, ẹ pe ẹlẹ́rọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí kọ́ọ̀bù omi àti tíṣù yín wà nítòsí. Ẹni tó kù, tó ń ra omi, tó ń jẹ epo pupa, tí àga rẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sódò, kí ó ra ike pàúdà kékeré kan, kí ó sì máa lo ọṣẹ abọ́ tó ti wà ní kíṣìnì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ike mẹ́ta ni mo lò fún gbogbo iṣẹ́ mi, kò sì sí aṣọ kan tó ya.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi owó tuntun sórí fóònù, ó tún pè mí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, mo ti ra lítà márùn-ún bílíìṣì kí n tó pè yín lẹ́ẹ̀kan." Mo ní kí ó gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀, pé táìlì kì í ya. Mo bi í pé ìjókòó mélòó ni àga náà. Ó ní méje. Mo ní kí ó má fi omi kàn án títí di Sátidé, èmi ni n ó gbé ike tèmi àti tówẹ́lì wá.